Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àdúgbò Tí Kò Ní Ìjọba Tirẹ̀: Levittown ní New York

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Levittown, ní Long Island, kò ní rí gbọ̀ngàn ìlú tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àdúgbò náà kò ní méyọ̀ tirẹ̀. Town of Hempstead àti Nassau County ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ìwé rẹ̀ fọ́n káàkiri, kíkó wọn jọ sì ni iṣẹ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá ààlà. Èyí tí àjọ ìkànìyàn fà kò bá ti ẹkùn ilé ẹ̀kọ́ mu, nítorí náà, ẹ sọ èyí tí ẹ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé Nassau County ní Mineola, kí ẹ tọpasẹ̀ ìwé ilẹ̀ ojúlé kan ṣoṣo sẹ́yìn, láti ọwọ́ onílé òní dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Levitt and Sons, títí tí yóò fi kan àgbẹ̀ tó ń gbin pòtétò síbẹ̀. Láàárín 1947 sí 1951, ilé 17,447 ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́. Ikọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ń ṣe é láti ojúlé dé ojúlé. Ìyẹn ló mú kí iṣẹ́ yá, kí owó ilé sì rọ àwọn ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé lọ́rùn.

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé àkọ́kọ́. Abala 25 rẹ̀ sọ pé ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ gbé inú ilé náà, àyàfi ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òfin mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ Levitt kò yéé dá àwọn ènìyàn dúdú padà, títí kan àwọn tó ti jagun fún orílẹ̀-èdè náà. Ó máa ń dùn mí bí òǹkọ̀wé bá fo abala yìí. Ẹ dà á kọ ní kíkún.

Ní ti ìrísí àdúgbò náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn ilé 1947 kéré, wọn kò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì; lónìí, àwọn onílé ti sọ òkè àjà di yàrá, wọ́n ti fẹ ilé sẹ́yìn, débi pé ó ṣòro láti rí méjì tó ṣì jọra. Ẹ fi ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó wà ní Hempstead wá ọdún tí àyípadà kọ̀ọ̀kan wáyé.

Nígbà tí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, ẹ má dúró sí Levittown nìkan. Ẹ dé àdúgbò Roosevelt àti North Amityville pẹ̀lú, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú fìdí kalẹ̀ sí, nítorí àwọn tí wọ́n dá padà kò sí ní Levittown láti dáhùn.