Gbígbé snowmobile sórí tìrélà aláìlórùlé
Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ so tìrélà mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gun snowmobile, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín, sórí rẹ̀. Bí kò bá sí lára ọkọ̀, ìwúwo ẹ̀rọ lẹ́yìn á gbé iwájú tìrélà fò sókè. Ṣéènì ààbò méjèèjì, ẹ fi wọ́n kọ́ra lábẹ́ ìsopọ̀, ìyẹn ibi tí tìrélà ti so mọ́ ọkọ̀.

Pákó tìrélà tó bá lómi máa ń yọ̀, irin abẹ́ síkì (pátákó gígùn méjì tó wà níwájú ẹ̀rọ) kì í sì í dì í mú. Torí náà ẹ rọra fún un níná, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú.

Ọ̀pá tó ń tẹ síkì mọ́lẹ̀ nìkan ò tó o! Ìdí ẹ̀rọ á máa jó lórí gegele, á sì máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi bẹ́líìtì ratchet (èyí tó ní ọwọ́ tí a fi ń fà á le) de bọ́ńpà ẹ̀yìn, kí ẹ fà á títí sípíríǹgì á fi wọlẹ̀ díẹ̀. Bó bá wọlẹ̀ tán, ẹ ń ba sípíríǹgì jẹ́ nìyẹn.

Ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo tìrélà àti ẹrù ni kó wà lórí ìsopọ̀. Bó bá kéré jù, tìrélà á máa ju ìdí lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 40, ẹ dúró, ẹ tún bẹ́líìtì fà: yìnyín tó há sábẹ́ síkì a máa yọ́ tàbí kó jábọ́, gbogbo ẹ̀ á sì dẹ̀.