Bí ẹ ṣe máa wo Babylon 5 lónìí tí kò fi ní sú yín

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn eré àwọn ṣọ́jà tó ń jagun lójú òfúrufú, ẹ lọ wá Babylon 5, eré tẹlifíṣàn nípa ibùdó ńlá kan lójú òfúrufú tí àwọn aṣojú oríṣiríṣi ìran ń gbé, 1994 sí 1998 ni wọ́n ṣe é, apá márùn-ún, ẹpisóòdù 110, J. Michael Straczynski nìkan ló sì kọ 92 nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣàn ìgbà yẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ yìí náà ló máa parí, àmọ́ ìtàn kan ṣoṣo lèyí ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ máa fò ó.

Fíìmù The Gathering ti 1993 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ó ń falẹ̀ díẹ̀ o, àmọ́ ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ta ni ta ni. Ẹ wá bọ́ sí apá kìíní. Fíìmù kan tún wà, In the Beginning, ogun tó ti jà ṣáájú ló dá lé, àwọn kan á ní òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ torí orúkọ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn, gbogbo àṣírí tí apá kìíní rọra ń fi pamọ́ ló tú síta níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn apá kẹrin.

Ní ti àwòrán, kọ̀ǹpútà Amiga ni wọ́n fi ya àwọn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ojú yín á mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2021 tàbí Blu-ray ti 2023, tí àwòrán ẹ̀ ò fẹ̀, tó rí bíi ti tẹlifíṣàn àtijọ́, torí nínú DVD, wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán àwọn ọkọ̀ kúrò kó lè fẹ̀, ó sì ṣú. Ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣàn yín fà á gbòòrò o. Tẹ́ ẹ bá ti rí Starfury, ọkọ̀ ogun kékeré wọn, ẹ wò ó dáadáa: ẹ́ńjìnnì wà lórí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà, tí wọ́n bá pa á, ọkọ̀ á ṣì máa sáré lọ bó ṣe ń lọ, awakọ̀ á wá yí imú ẹ̀ sẹ́yìn, á máa yìnbọn lu ẹni tó ń lé e. Bó ṣe yẹ kí nǹkan rí níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Apá kìíní gba sùúrù. Tó bá ń sú yín, ẹ ṣáà rọ́jú dé Signs and Portents, ẹpisóòdù kẹtàlá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Morden, tó múra dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín, ń lọ bá àwọn aṣojú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́. G'Kar ní òun fẹ́ kí àwọn Centauri tó fi ìran òun ṣẹrú pa run, Morden ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, kò rí nǹkan gidi sọ. Delenn lé e jáde. Londo, aṣojú àwọn Centauri, kọ́kọ́ fẹ́ lé e náà, nígbà tí inú bí i tán ló wá tú gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn Londo yẹn sọ́kàn, torí púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ta sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Ní apá kejì, ọ̀gá tuntun máa dé sí ibùdó náà, Sheridan. Ẹ má rò pé wọ́n ba ìtàn jẹ́, àìsàn ọpọlọ ló ń bá Michael O'Hare, òṣèré tó ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́, jà, Straczynski ò sì sọ ọ́ fún aráyé títí ọkùnrin náà fi kú ní 2012. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ẹpisóòdù méjì lálẹ́ ti tó. Tẹ́ ẹ bá ti dé ẹpisóòdù kẹjọ ní apá kẹta, ẹ wo òun àti méjì tó tẹ̀ lé e pọ̀, Severed Dreams ló kẹ́yìn wọn, òun ló gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá fún ìtàn sáyẹ́ǹsì àròsọ, ní 1997. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé kí ni ṣọ́jà tó ti búra máa ṣe tí ìjọba tirẹ̀ bá ń pa ará ìlú. Mi ò rí eré ogun mìíràn tó fi ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bi í.

Apá kẹrin yára gan-an torí wọ́n rò pé wọ́n máa fagi lé eré náà, apá karùn-ún wá falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fara dà á. Sleeping in Light tó kẹ́yìn, ìgbà apá kẹrin ni wọ́n ti yà á, wọ́n fi pamọ́ de òpin. Ẹ má wò ó ṣáájú, ẹ má sì wo nǹkan kan lé e lálẹ́ ọjọ́ yẹn.