Kí ẹ tó ní ọkàn aláìsàn tóbi nínú X-ray

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọkàn aláìsàn tóbi, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sára X-ray náà: ṣé PA ni (ìtànṣán gba ẹ̀yìn wọlé, ó jáde níwájú) àbí AP (ó gba iwájú wọlé, ó jáde lẹ́yìn)? Ní ti PA, aláìsàn dúró, ó kọ àyà sí fíìmù. Bí ọkàn àgbàlagbà bá fẹ̀ ju ìdajì inú àyà lọ níbẹ̀, ó yẹ ká fura. AP ni wọ́n sábà máa ń yà fún ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkàn jìnnà sí fíìmù, òjìji rẹ̀ á wá fẹ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ má fi ìdajì yẹn wọ̀n ọ́n. Bí aláìsàn kò bá sì mí sínú dáadáa, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Omi tó máa ń gbárajọ yí ẹ̀dọ̀fóró ká ló ká mi lára jù. Nínú X-ray, igun ìsàlẹ̀ àyà gbọ́dọ̀ mú ṣóṣóró. Tí kò bá mú mọ́, omi lè ti gbárajọ. Àmọ́ omi náà lè tó nǹkan bí 200 ml kó tó hàn nínú PA, nítorí náà ẹ má dúró de X-ray. Ẹ wọn ìwúwo aláìsàn ní àràárọ̀, ẹ tẹ́tí sí mímí rẹ̀, bí mímí bá sì yí padà, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.