Bí A Ṣe Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rọ Sílẹ̀ fún Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa pè mí, ó ní kí n ṣètò bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àti àwọn akanda ẹ̀dá yóò ṣe máa rí ààyè tó tọ́ sí wọn láàárín wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan dá a lábàá pé kí a kọ òfin, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ ti ń mọ iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń yọ àwọn kan sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń wo àwọn ọmọ 200 level bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin ti yí ẹ̀rọ ká. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báírò àti ìwé, wọ́n ń pe ìwọ̀n fún un, ó ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju "Ìwọ lọwọ́ ẹ dáa jù, bá wa kọ report" lọ, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ó gbà. Mo lọ wo ẹgbẹ́ kejì, bákan náà ni. Bí sáà bá parí, máàkì kan náà ni gbogbo wọn máa gbà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kò ní mọ bí a ṣe ń de ọ̀bẹ ẹ̀rọ mọ́ àyè rẹ̀, kò sì ní dá ìró irin mọ̀ nígbà tí ojú ọ̀bẹ bá ti kú. Lọ́jọ́ tó bá dé ilé iṣẹ́, wọ́n á ní obìnrin ò mọ ẹ̀rọ. Àwa la ò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Mo pín iṣẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin: ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, ẹni tó ń fi vernier wọn irin, ẹni tó ń kọ̀wé, àti ẹni tó ń ṣọ́ ààbò. Gbogbo wọn ló máa yí i ká. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yóò fọwọ́ sí iwájú orúkọ ọmọ ní ìdí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tó gba máàkì kankan. Bàbá náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, àsìkò ò ní tó. Ẹ̀rọ méjì ló ń ṣiṣẹ́, iná sì lè lọ nígbàkígbà." Òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ibí yìí jù mí lọ, báwo la ṣe máa ṣe é?" Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà àbáyọ: kàkà kí ẹgbẹ́ kan fi odindi ọ̀sán gbẹ́ bóòtù ńlá kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ìpele kékeré kan sára ọ̀pá irin kan náà. Ọwọ́ gbogbo wọn kan ẹ̀rọ, irin tí à ń lò sì dínkù.

Aṣọ iṣẹ́ tún fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Àwọn tó wà nílẹ̀ tóbi débi pé apá aṣọ ń bo ìka ọmọ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ apá aṣọ tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí lè fa ọwọ́ wọlé. A ra kékeré, a ra bàtà iṣẹ́ nọ́ńbà 37 àti 38. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí béèrè lọ́wọ́ mi nípa híjáàbù. A jọ jókòó sọ ọ́, a sì fẹnu kò pé híjáàbù kékeré tó lẹ̀ mọ́ra ni wọn yóò máa wọ̀, etí rẹ̀ yóò wà nínú aṣọ iṣẹ́. Òfin kan náà ló de irun gígùn àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìbáà jẹ́ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló le jù. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gíga wọn lápapọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ akanda ẹ̀dá kò sì lè gùn wọ́n. Mo kọ ìwé sí akápò, mo tọ́ka sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ọdún márùn-ún ni òfin yẹn fi sílẹ̀ láti tún àwọn ilé ìjọba ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé. Ìyẹn ló jẹ́ kí owó jáde. Bíríkìlà fẹ́ mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ju mítà méjì lọ, ó ní ilẹ̀ ò fẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀: bí a bá fẹ́ gun ìwọ̀n kan, ó yẹ kí ọ̀nà náà gùn ní ìlọ́po méjìlá rẹ̀, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 45 fẹ́ mítà 5.4. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ yóò yọ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ civil ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n mú ọ̀nà náà ṣẹ́rí padà láàárín, wọ́n sì fi pèpéle pẹrẹsẹ síbi tó ti ṣẹ́rí kí èèyàn lè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló kọ́kọ́ gbà á kọjá. Ó ní irin ìdìmú ga jù fún òun, a sì tún un dè. Kíláàsì yíyàwòrán tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ná wa ní kọ́bọ̀: a pààrọ̀ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì tó wà nísàlẹ̀.

Ìṣòro IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ 400 level ń lọ ṣe, ṣì wà. Oṣù mẹ́fà gbáko ni, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé wọn ò gba obìnrin sí sáìtì. A ti ń kọ orúkọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, a kì í fi ọmọ wa kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ránṣẹ́ sí wọn mọ́. A sì ń darí àwọn ọmọbìnrin sọ́dọ̀ APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà tí obìnrin mẹ́fà dá sílẹ̀ ní 1983, tí Joana Maduka sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà sílẹ̀, ọdún 2024 ni obìnrin, Margaret Oguntala, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó sípò ààrẹ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka iná mànàmáná ti gba ètò iṣẹ́ mẹ́rin yẹn lò. Ilé ìyàgbẹ́ obìnrin tó ní omi, nítòsí ṣọ́ọ̀bù, ni mo ń bá àwọn aláṣẹ fà báyìí; bílọ́ọ̀kù ti dé, omi ni a ṣì ń dúró dè.