Ẹ Má Ṣe Yí Padà Lẹ́nu Ọ̀nà: Àṣìṣe Àwa Tí Ọtí Ti Di Bárakú Fún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ẹnu ọ̀nà ni mo ti yí padà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyìí kò lè mọ ohun tójú mi ń rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo tún fi mutí kí n tó padà lọ gbọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù báyìí ni, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dín in kù ná, kí n tó wá.” Ó dà bí ẹni tó ń gbálẹ̀ de ẹni tó fẹ́ wá bá a gbálẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo èèyàn ń pè ní A.A., ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́. Wọn ò ní kí ẹ ti jáwọ́. Dókítà Bob, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá a sílẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, ṣì padà sídìí ọtí lẹ́yìn tó ti pàdé Bill Wilson, ẹnì kejì rẹ̀. Ọjọ́ tó mu ún kẹ́yìn, 10 Oṣù Kẹfà, ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà.

Èrò “kí n kọ́kọ́ mọ́” yìí tilẹ̀ lè pààyàn. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ gbóná, kó má mọ ibi tó wà mọ́. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀ títí ẹ ó fi fẹnu kan ọtí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Oògùn wà fún un. Àwa tí a jókòó sípàdé kì í ṣe dókítà, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá sì ní kí ẹ da oògùn tí wọ́n kọ fún yín nù, ẹ má dá a lóhùn. A.A. fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí i.

Ẹ má gbára lé àdírẹ́sì tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìpe ẹnikẹ́ni. Ìpàdé máa ń kó kúrò níbì kan, ẹ ó sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ tún wò ó bóyá ìpàdé tí gbogbo èèyàn lè wọ̀ ni, àbí ti àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan. Ìyàwó tàbí ọkọ yín kò lè tẹ̀ lé yín wọ irú kejì. Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí ẹni tó ń mutí, ni tiwọn, ó ti wà láti 1951. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú A.A. bá ń lé sá, kó wá SMART Recovery lọ, ẹgbẹ́ mìíràn tí kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kan, kó ní “kò bá mi lára mu,” ó parí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Ọ̀kan lè kún fún àgbàlagbà tó ń sọ ìtàn ogójì ọdún, kí èyí tó wà ní òpópónà kejì kún fún ọ̀dọ́. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń ní kéèyàn dán bíi mẹ́fà wò kó tó dájọ́. Àyẹ̀wò ọdún 2020 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, tó kó ìwádìí 27 jọ, rí i pé ìtọ́jú tó ń darí èèyàn sí A.A. ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti yàgò fún ọtí pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e lọ. Ṣùgbọ́n lílọ ni o, kì í ṣe yíyọjú.

Èmi, ìdí ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí, màá dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, màá sì ti yọ́ jáde kí wọ́n tó parí. Bí mo ṣe pàdánù ìdajì nǹkan náà nìyẹn, torí ìdí tíì, lẹ́yìn ìpàdé, ni wọ́n ti ń fún ara wọn ní nọ́ńbà fóònù. Bí apẹ̀rẹ̀ owó bá kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá bí ẹ kò bá ní. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀, “Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni lónìí” ti tó. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ tirẹ̀, ẹ má gbà á nímọ̀ràn, ẹ má sì gbé e délé.

Onígbọ̀wọ́, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti jáwọ́ tó ń tọ́ ẹni tuntun sọ́nà, ńkọ́? Ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ tàbí owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe onígbọ̀wọ́.

Mo ti gba àmì aláàádọ́rùn-ún ọjọ́ láìfẹnu kan ọtí, tó rí roboto bí owó ẹyọ, nígbà tí mo tún mutí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ojú kò jẹ́ kí n padà lọ. Ọjọ́ tí mo wọlé, bàbá tó máa ń po tíì gbójú sókè, ó ní, “Ṣé ṣúgà méjì náà ni?”