Bẹ́ ẹ ṣe lè ra ilé lọ́wọ́ onílé gan-an, láìsí ẹ́jẹ́ǹtì láàárín

Gbogbo wa la mọ ilé tí wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" gàdàgbà sára fẹ́ǹsì ẹ̀ l'Ékòó. Ẹni tí ò nílé ló ń talé kiri, ìyẹn ló fà á. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì, ó dáa, owó kọmíṣọ̀n dúró sápò yín, àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ti di tiyín, èyí tó sì le jù níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ ẹni tó nilé lóòótọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí wíwá ilé. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi wá a. Ẹ mú àdúgbò kan tàbí méjì, ẹ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kí fọkanáísà, ẹ ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ ìyá tó wà ní kọ́nà, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ò sẹ́ni tó fẹ́ talé ládùúgbò yìí?" Wọ́n mọ ẹni tó ń múra à ti jápa, wọ́n mọ ilé tí bàbá ti kú táwọn ọmọ ń bára wọn fà á. Tẹ́ ẹ bá ti rí ilé tó wù yín, ẹ tún padà lọ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, torí ilé tó rẹwà lóṣù kìíní lè di odò tó bá di oṣù keje.

Ìgbà kan wà tí mo rí bọ́ńgálò kan n'Ìkòròdú, yàrá mẹ́ta, owó ẹ̀ ò sì gani lára. Bọ̀dá tó mú mi wọlé so gbogbo kọ́kọ́rọ́ pọ̀ mọ́ okùn bàtà, "ilé mi, ilé mi" ló ń wí, ó tiẹ̀ fún mi lómi tútù mu. Mo kàn ṣáà bi í pé ibo ni sọ́kàwéè wà. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó ní ẹ̀yìnkùlé ni. A dé ẹ̀yìnkùlé, ewúro nìkan la bá níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tó bi í ló ti máa sọ ibi tó gbẹ́ sọ́kàwéè sí àti iye tí wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ. Mo yà sílé kejì, wọ́n ní tẹ́náǹtì ni, pé Ìlọrin ni lándílọ́ọ̀dù ń gbé. Látìgbà náà, kí n tó dúnàádúrà rárá ni mo máa ń bi wọ́n pé: ọdún wo lẹ ra ilẹ̀, ọwọ́ ta lẹ ti rà á, ta ni bíríkìlà yín?

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn. Ẹ gba fọ́tókọ́pì gbogbo ẹ̀: C of O tó bá ní (ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń gbà pé ẹnì kan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀), ìwé tó fi ra ilẹ̀, survey (ìwé tí wọ́n ya ààlà ilẹ̀ sí), rìsíìtì Land Use Charge (owó tí onílé ń san fún ìjọba lọ́dọọdún l'Ékòó), àti káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀. Ẹ má jókòó máa wo òǹtẹ̀ ara ìwé o, kò ṣòro fún èèyàn láti gbẹ́ òǹtẹ̀ ayédèrú. Ẹ gbé survey fún sọ́féyọ̀ tiyín, kó wá sórí ilẹ̀ kó wọ̀n ọ́n fúnra ẹ̀, kó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, tó jẹ́ àgbà sọ́féyọ̀ ìjọba, l'Álàúsà tó bá jẹ́ Èkó, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà yín á lọ wo fáìlì ní ọ́fíìsì ilẹ̀, bóyá orúkọ ẹni tó ń talé ló wà níbẹ̀, bóyá ó ti fi ilé yá owó ní báńkì. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn, Sẹkitéríàtì Agodi ni. Lọ́yà yín ni mo wí o, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń talé, ibẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣọ́wó ná.

Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Tí àwọn ọmọ bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ẹ ò tíì ra nǹkan kan. Tí olórí ẹbí náà bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n dà á rú. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, látojúlé kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ pé bàbá tó nilé ti kú, tí orúkọ ẹ̀ ṣì wà lórí C of O, ẹ béèrè ìwé tí kóòtù fún àwọn tó ń bójú tó ogún ẹ̀, gbogbo ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ló máa sáìnì, títí kan èyí tó wà ní London.

Owó wá kù. Ẹ má ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ onílé gan-an ni kẹ́ ẹ san án sí, kí báńkì lè jẹ́rìí yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san owó náà tán ni kẹ́ ẹ gba ojúlówó ìwé gbogbo, kí ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn ẹlẹ́rìí sì sáìnì deed of assignment tí lọ́yà ṣe, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé onílé ti gbé ilé náà fún yín. Ẹ má wá ju deed yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí òfin ilẹ̀ ti 1978 ní ilé tó ní C of O, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di tẹlòmíì. Ó ń náni lówó, ó sì ń pẹ́, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kíá, nígbà tẹ́ni tó talé ṣì ń gbé fóònù yín.

Tí tẹ́náǹtì bá wà nínú ilé, ẹ bi wọ́n ìgbà tí rẹ́ǹtì wọn máa tán, kẹ́ ẹ sì wo gbèsè tó wà lórí mítà iná. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ pe kápẹ́ńtà, kó yọ gbogbo àgádágodo ara ilẹ̀kùn kó fi tuntun síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, torí ẹ ò mọ iye bọ̀dá tó ní tiẹ̀ lára okùn bàtà.