Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Salmonella Tó Ti Wọ Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù ni pé: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bakitéríà Salmonella ti wọlé, pé kì í ṣe ara sẹ́ẹ̀lì ló kàn lẹ̀ mọ́? Ìbéèrè gidi ni. Oògùn kan tó ń jẹ́ gentamicin la fi ń dáhùn rẹ̀. Ó ń pa Salmonella, ṣùgbọ́n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ráàyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn láàárín wákàtí kan. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò tó ń yíde lóru: olè tó wà níta ló lè mú, apá rẹ̀ ò ká èyí tó ti jálẹ̀kùn wọlé. Ẹ da gentamicin sí i, ẹ dúró, ẹ ṣàn án dànù, ẹ fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ ka èyí tó jáde láàyè. Ó rọrùn lẹ́nu, ó sì rọrùn láti fi tan ara ẹni jẹ.

Irú Salmonella tó ń jẹ́ Typhimurium SL1344 ni kí ẹ lò. Kì í ṣe òun ló ń fa táífọ́ìdì, Salmonella Typhi nìyẹn. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀, àmọ́ ó lè dá yín dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti kóòtù láàbù, inú kábíìnẹ́ẹ̀tì ààbò sì ni kí ẹ ti máa ṣí i. Streptomycin, oògùn apakòkòrò mìíràn, kì í pa SL1344. Ẹ po streptomycin mọ́ ágà, ìyẹn oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, tí ẹ máa fi kà á, kòkòrò àlejò ò ní ráàyè hù níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì HeLa ló máa gbà á lálejò. Ara Henrietta Lacks, obìnrin adúláwọ̀ kan tó gba ìtọ́jú ní Baltimore, ni wọ́n ti mú un lọ́dún 1951, wọn ò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ́kọ, ó bímọ márùn-ún. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ kọ́ kó tó fọwọ́ kan fíláàsì, torí ó yẹ kéèyàn mọ ẹni tí òun ń jẹ lóore.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ gbin sẹ́ẹ̀lì náà sínú àwo oníkòtò 24, kó lè tó nǹkan bíi 100,000 nínú kòtò kọ̀ọ̀kan nígbà tílẹ̀ bá mọ́. Omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ DMEM, tí ẹ fi sírọ́ọ̀mù (omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí ni, láìsí oògùn apakòkòrò kankan. Ẹ wò ó dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìgò DMEM tó wà nínú fíríìjì láàbù ló ti ní penicillin àti streptomycin. SL1344 ò bìkítà fún ìkejì, àmọ́ penicillin á pa á. Bó bá jẹ́ pé ibi tí iná ti ń ṣe ségesège lẹ wà, tí afẹ́fẹ́ CO2 inú ẹ̀rọ amúsẹ́ẹ̀lìgbóná kì í dúró déédéé, ẹ lo DMEM tó ní HEPES, èròjà tí kì í jẹ́ kí kíkan omi náà yí padà.

Bakitéríà fúnra rẹ̀ ló gba sùúrù jù. Salmonella tó ti sun gbogbo òru nínú LB, omi oúnjẹ bakitéríà, kì í wọlé dáadáa. Ẹ mú ìdá kan nínú rẹ̀ sínú ìdá 33 LB tuntun, kó dàgbà fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Àkókò yìí ló ń kọ́ abẹ́rẹ́ sára, abẹ́rẹ́ tí Kubori àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi electron microscope rí lọ́dún 1998. Inú abẹ́rẹ́ yìí ni púrótéènì bíi SopE ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì. SopE á jí Rac àti Cdc42, àwọn púrótéènì tí wọ́n jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì gan-an, ni actin, púrótéènì tó dà bí òpó inú sẹ́ẹ̀lì, bá ti awọ sẹ́ẹ̀lì síta, awọ náà á sì bo bakitéríà mọ́lẹ̀, á gbé e wọlé. Agbára onílé ni àlejò fi ń wọlé! Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbọn bakitéríà náà jìgìjìgì, ẹ má sì fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kán abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ wọ̀n?

Ẹ fi bakitéríà mẹ́wàá sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílíọ̀nù kan nínú kòtò. Ẹ gbé e sí 37°C fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi PBS, omi oníyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára, ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá da DMEM tó ní gentamicin 100 µg/ml sí i fún wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín oògùn náà kù sí 10 µg/ml, torí bó bá pẹ́ títí, díẹ̀díẹ̀ ni á máa yọ́ wọlé. Ẹ ṣàn án, ẹ fi mílílítà kan omi tí a po Triton X-100, irú ọṣẹ kan, mọ́ fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ fi omi bù ú là, kí ẹ tẹ́ 100 µl sórí ágà.

Ká ní èyí tí ẹ bù là ní ìlọ́po 100 ló hu 42. Ẹ sọ 42 di ìlọ́po 100, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 10: 42,000 ló wà nínú kòtò náà. Nínú mílíọ̀nù kan, ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọlé. Ẹ má fi OD (bí omi bakitéríà náà ṣe rú tó lójú ẹ̀rọ) nìkan sọ pé mílíọ̀nù kan lẹ fi sí i o, ẹ tẹ́ òun náà sórí ágà kí ẹ kà á.

Iye yìí ò tíì já mọ́ nǹkan kan láìsí ẹlẹ́rìí. Ẹ tẹ́ omi tí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn sórí ágà: bí nǹkan bá hù gan-an, gentamicin ò ṣiṣẹ́. Ẹ ní kòtò tí ẹ ò ní fi gentamicin sí, kí ẹ lè mọ iye tó lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fi E. coli K-12, bakitéríà láàbù tí kì í ṣèpalára, sínú kòtò mìíràn, torí kì í wọlé fúnra rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ bakitéríà Isberg àti Falkow lò lọ́dún 1985: wọ́n fi jíìnì kan ṣoṣo láti ara Yersinia, bakitéríà mìíràn, sí i, ó sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ fi Salmonella tí a ti yọ jíìnì invA kúrò lára rẹ̀ dán an wò pẹ̀lú, torí kò lè lo abẹ́rẹ́. Bí iye rẹ̀ bá wálẹ̀, ẹ má tíì dúró. Falkow kọ ọ́ lọ́dún 1988 pé ó yẹ kí agbára náà padà bí a bá dá jíìnì náà padà, nítorí náà ẹ fi plasmid (òrùka DNA kékeré) tó ní invA sí i, kí ẹ tún un kà. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú bakitéríà tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Kòtò mẹ́ta lójọ́ kan ṣoṣo, ìdánwò kan ni mo ń kà á sí, mi ò sì ní fọwọ́ sí àwòrán tí ẹ bá yà látinú rẹ̀.